Ẹni tó sùn: ṣé iyè rẹ̀ pa ni, àbí ó bọ́ sí ipò mìíràn?

Oníbéèrè_Òru · 8:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àríyànjiyàn kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ oorun bá wa dá sí. Àwọn kan ní tí èèyàn bá ti sùn, iyè rẹ̀ pa bí àtùpà nìyẹn, ó di ìgbà tó bá jí kó tó tàn padà. Àwọn kejì ní rárá: ẹni tó sùn ń ríran, ó ń gbọ́ ohùn, ó ń bẹ̀rù, ó ń rẹ́rìn-ín, báwo ni iyè rẹ̀ ṣe pa?

Ọ̀rọ̀ kejì nìyí. Ẹni tí wọ́n ń sọ pé "wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú oorun", tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere ṣùgbọ́n tí kò lè gbé ọwọ́, tí kò lè pariwo, ṣé ó sùn ni àbí ó jí? Ẹ jọ̀ọ́, àlàyé tó ní ẹ̀rí nínú la fẹ́.

---

Tíṣà_Ara · 9:05 alẹ́

Àwọn kejì ló sún mọ́ òótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì sọ ọ́ tán. Ohun tí a ń pè ní oorun kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ipò mẹ́rin ni ọpọlọ ń gbà kọjá lóru, ó sì ń pààrọ̀ wọn léraléra.

Òògbé ni ó kọ́kọ́ ń dé. Ẹyinjú á máa yí rọra sọ́tùn-ún sósì, ìgbì iná ọpọlọ tó ń lu ìgbà 8 sí 13 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí a dijú tí a kò tíì sùn á wá lọ sílẹ̀ sí 4 sí 7. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni. Ẹni tí ẹ bá jí níbí sábà máa ń búra pé òun kò tíì sùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oorun fúyẹ́, òun ló ń gba nǹkan bí ìdajì òru. Ìgbì kékeré tó ń yára (11 sí 16) á máa sọ yẹ̀yẹ̀ nínú rẹ̀, kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ. Ẹ̀kẹta ni àsùnwọra. Ìgbì ńláńlá tó ń lọ jẹ́jẹ́ ló ń hàn níbẹ̀, ìkan tàbí méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó wà níbẹ̀, ẹ ó pè é títí, kò ní dáhùn. Tó bá sì jí, orí rẹ̀ á dàrú fún ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹni tó fẹ́ rẹjú lọ́sàn-án má ṣe kọjá 20 ìṣẹ́jú, kó má baà já sínú àsùnwọra kí wọ́n tó jí i.

Ẹ̀kẹrin ni REM, oorun tí ẹyinjú ti ń sáré lábẹ́ ìpéǹpéjú. Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì Chicago ló gbé e jáde lọ́dún 1953. Ọmọ Aserinsky fúnra rẹ̀, Armond, tó jẹ́ ọmọ ọdún 8, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ so wáyà mọ́ lára. Nígbà tí ìwé ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìran ojú tó ń sáré hàn, ó rò pé ọmọ ti jí. Ó wọlé, ó bá a níbi tó ti ń sùn fọnfọn. Michel Jouvet ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, pè é ní oorun tó tako ara rẹ̀, nítorí ọpọlọ jọ ti ẹni tó jí, ara sì rọ̀ jọwọlọ.

Nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú ni yíyípo kan, ìgbà 4 sí 6 la sì ń yí i lóru. Àsùnwọra ló ń kún ìbẹ̀rẹ̀ òru, REM ló ń kún ìparí rẹ̀. Ìdí tí àlá ìdájí fi máa ń gùn, tó sì máa ń ṣe kedere nìyẹn.

---

Ọmọ_Èkìtì · 9:17 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, Tíṣà. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe ń mọ̀ dájú pé ẹni náà sùn? Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ.

---

Oníwáyà_Oorun · 9:48 alẹ́

Àbúrò, iṣẹ́ wa gan-an lẹ dárúkọ yẹn. Apirọrọ lè di ojú, ó lè mí bí ẹni tó sùn, ó tilẹ̀ lè hanrun. Kò sí bó ṣe lè fi agbára mú ìgbì àsùnwọra jáde lórí ẹ̀rọ.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. A ó fi okùn ìwọ̀n wọn orí láti kòtò tó wà lókè imú títí dé kókó egungun ìpàkọ́, a ó sì pín in sí ìdá 10 àti 20 nínú 100 láti mọ ojú ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan máa jókòó. Ó kéré jù, a ń fẹ́ iwájú orí, àárín orí àti ìpàkọ́. Egungun ẹ̀yìn etí la fi ń ṣe òdiwọ̀n. Wáyà ojú jẹ́ méjì: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun ojú òsì, sẹ̀ǹtímítà 1 sísàlẹ̀, èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ igun ojú ọ̀tún, sẹ̀ǹtímítà 1 sókè. Ẹ má fi àwọn méjèèjì sí orí ìlà kan náà, nítorí ìyàtọ̀ gíga wọn ni yóò jẹ́ kí a rí i tí ojú bá lọ sókè sódò. Wáyà àgbọ̀n tún wà, òun ló ń sọ bóyá iṣan ti rọ̀. Tí ẹ kò bá rí i, ẹ kò lè dá REM mọ̀ yàtọ̀ sí ìjí. Lẹ́yìn náà ni ti ẹsẹ̀, bẹ́líìtì àyà àti ti ikùn, ọ̀pá mímí nímú, àti èyí tó ń ká afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lórí ìka. Kọ̀ǹpútà á gé òru náà sí ojú ewé kéékèèké, ìṣẹ́jú àáyá 30 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèyàn ni yóò jókòó kà wọ́n. Òru wákàtí 8 jẹ́ ojú ewé 960.

Ohun tó ń bà á jẹ́ pọ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa fetí sí i. Àkọ́kọ́ ni irun. Irun tí òróró tàbí àdí wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí wáyà gbá awọ orí mú. Kí aláìsàn fi ọṣẹ fọ orí lọ́jọ́ náà, kó má fi nǹkan kan pa á. Irun tí a fi irun àtọwọ́dá gígùn dì tàbí tí a rán irun àtọwọ́dá mọ́, ẹ sọ fún un ṣáájú ọjọ́ kó tú u. Ẹni tó bá di dídì pẹlẹbẹ tí ìpín rẹ̀ hàn kò ní wàhálà, ẹ fi wáyà sójú ìpín. Ẹ fi oje tó ní yanrìn díẹ̀ nínú ra awọ náà, kí ìdènà iná má ju kiloohm 5 lọ.

Èkejì ni òógùn. Tí iná bá lọ, tí fáànù dúró, òógùn á sọ ìlà wáyà di ìgbì ńlá tó ń lọ jẹ́jẹ́, ẹni tí kò mọ̀ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn wà nínú àsùnwọra, nígbà tí ó dùbúlẹ̀ tó ń wo àjà. Ẹ wo wáyà àgbọ̀n àti ti ojú kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ̀kẹta ni ariwo iná fúnra rẹ̀, tó ń lu ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: tí wáyà kan bá ṣí kúrò lára, gbogbo ìlà rẹ̀ á dúdú kiriri. Jẹnẹrétọ̀ tí a kò so wáyà ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa á mú un burú sí i.

---

Oníbéèrè_Òru · 9:56 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú àsùnwọra wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni èèyàn kì í rántí ohunkóhun. Ṣé ibẹ̀ ni àtùpà ti kú?

---

Tíṣà_Ara · 10:20 alẹ́

Ìbéèrè yìí gan-an ni Marcello Massimini, Giulio Tononi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìdánwò lé lórí ní Yunifásítì Wisconsin nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2005. Wọ́n fi ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì kan ọpọlọ níbì kan láti òde agbárí. Nígbà tí èèyàn jí, ìró ìkànkùn náà ń rìn kiri láti apá kan ọpọlọ dé apá mìíràn. Nínú àsùnwọra, ìdáhùn pọ̀ níbi tí wọ́n kàn, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ náà ló kú sí. Àwọn ilé ṣì wà, àwọn aráalé ṣì wà nínú wọn. Ọ̀nà tó so ilé pọ̀ mọ́ ilé ló dí.

Nítorí náà àtùpà kò kú. Ọpọlọ ń ṣiṣẹ́, àwọn apá rẹ̀ ni kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má rò pé àsùnwọra ṣófo pátápátá. Tí a bá jí èèyàn láti inú REM, nǹkan bí ìgbà 80 nínú 100 ni yóò sọ àlá fún wa. Láti inú oorun yòókù, ó kéré sí i, àlá náà sì máa ń kúrú, ó máa ń jọ èrò lásán ju ìran lọ, ṣùgbọ́n ó wà.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rò. Oorun kì í mú gbogbo ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹja dolphin ń fi ìdajì ọpọlọ sùn, ìdajì kejì ń ṣọ́nà kó lè máa gòkè wá mí. Àwa náà ní díẹ̀ níbẹ̀: ìwádìí Yunifásítì Brown lọ́dún 2016 fi hàn pé lóru àkọ́kọ́ tí èèyàn bá sùn ní ibi àjèjì, apá òsì ọpọlọ kì í sùn wọra tó ti ọ̀tún, ó sì ń tètè dáhùn sí ìró. Ẹni tó lọ sùn nílé àlejò tó ní òun kò rí oorun sùn kò purọ́.

---

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · 10:41 alẹ́

Ibi tí Tíṣà bá a dé yẹn ni ìdáhùn ìbéèrè kejì wà. Ẹni tí "wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀" sùn, ó sì jí, lẹ́ẹ̀kan náà.

Nínú REM, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ní ìdí ọpọlọ, níbi tó ti ń sọ̀kalẹ̀ wọ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ń ránṣẹ́ pé kí iṣan ara dákẹ́. Èròjà méjì tí wọ́n ń jẹ́ glycine àti GABA ló ń pa àwọn fọ́nrán tó ń darí iṣan lẹ́nu mọ́. Iṣan ẹyinjú kò sí lára wọn, iṣan tó pààlà àyà àti ikùn tí a fi ń mí náà kò sí lára wọn. Láìsí ìdákẹ́ yìí, ẹni tó bá lálàá pé òun ń sáré yóò dìde sáré. Nígbà mìíràn, ojú á là, etí á ṣí, kí àṣẹ ìdákẹ́ náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Àlá kò tíì kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú, ni ó bá dà pọ̀ mọ́ yàrá tí èèyàn ń wò.

Ohun tó ń tẹ àyà nìyí: iṣan ìhà ti dákẹ́, èyí tó wà lókè ikùn nìkan ló ń mí. Mímí ń lọ o, afẹ́fẹ́ tó. Ṣùgbọ́n tí ẹni náà bá fẹ́ fi tipátipá fa èémí jinlẹ̀, kò ní rí i fà, ẹ̀rù á bà á, ẹ̀rù á sì mú kó gbìyànjú sí i. Ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Ní ti ẹni tí wọ́n ń rí nínú yàrá, apá ọpọlọ tó ń ṣọ́ ewu ló ti jí gìrì láìrí ewu kankan, ó wá ń wá ojú tí yóò fi wọ̀ ọ́.

Kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Àkójọ ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011 fi hàn pé nǹkan bí èèyàn 8 nínú 100 ló ti rí i rí, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ó sún mọ́ 28. Àìsùn tó wà lára ohun tó ń fà á. Ẹni tó ti jẹ gbèsè oorun, tó wá sùn lójijì ní ọ̀sán tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ òru, REM lè gbé e kí àsùnwọra tó dé, dípò kó dúró di 70 sí 90 ìṣẹ́jú.

Tó bá dé, ẹ má jà. Ẹ jẹ́ kí èémí lọ bó ṣe ń lọ, ẹ má fà á. Ẹ rántí pé kì í ju ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ yí ẹyinjú sọ́tùn-ún sósì, nítorí òun ni a kò dì. Lẹ́yìn náà ẹ gbìyànjú ọmọńdinrín ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kì í ṣe gbogbo ara. Tó bá ti tú, ẹ jókòó, ẹ tan iná, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 5. Ẹni tó bá yára fẹ̀yìn lélẹ̀ padà, ó tún lè mú un. Láti ọjọ́ kejì lọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí ẹ sì máa sùn kí ẹ máa jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́.

---

Àbíkẹ́_Ọlọ́rọ̀ · 10:58 alẹ́

Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ń sọ pé kò sí ogun òru ni?

---

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · 11:12 alẹ́

Mi ò bínú rárá, mọ̀mí. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ wa pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré: Aina àti Famuyiwa kọ àpilẹ̀kọ lé ogun òru lórí lọ́dún 2007, orúkọ Yorùbá náà gan-an ni wọ́n sì fi pè é. Wọ́n ṣàlàyé bí àwọn èèyàn wa ṣe gbà á, títí kan ọ̀rọ̀ ọkọ ọ̀run àti ìyàwó ọ̀run, àti bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà tàbí ṣètùtù sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà kó gbàdúrà. Àdúrà tó bá fi ọkàn ẹni balẹ̀ kí ó tó sùn ń ṣe ara lóore. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí orúkọ kan ṣoṣo má bo àìsàn tó ní oògùn mọ́lẹ̀. Tí ara bá ń gbọ̀n rìrì, tí ẹni náà gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ, tí ìtọ̀ dà sórí ibùsùn, wárápá ni kí ẹ fura sí. Tí oorun bá ń gbé èèyàn lọ́sàn-án gangan láàárín ọ̀rọ̀ tàbí oúnjẹ, tí orúnkún rẹ̀ sì ń yẹ̀ nígbà tó bá ń rẹ́rìn-ín, àìtó orexin, èròjà ọpọlọ tó ń jẹ́ kí èèyàn wà lójúfò, lè wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì, ilé ìwòsàn ni. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na aláìsàn tàbí kí ó fi ebi pa á.

---

Ọmọ_Èkìtì · 11:20 alẹ́

Ó yé mi. Tíṣà, kí ló dé tí a kì í mọ̀ pé àlá ni à ń lá, bó ti wù kó ṣàjèjì tó?

---

Tíṣà_Ara · 11:51 alẹ́

Nítorí pé apá iwájú orí tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò, tó ń béèrè pé "ṣé èyí lè rí bẹ́ẹ̀?", rọlẹ̀ nínú REM, nígbà tí apá tó ń ríran àti èyí tó ń bẹ̀rù ń ṣiṣẹ́ gidi. Noradrenaline tó ń bá wa fi nǹkan pamọ́ sínú ìrántí náà dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí àlá fi ń yọ́ bí ìrì. Ẹni tó bá fẹ́ rántí tirẹ̀ kò gbọdọ̀ mira nígbà tó bá jí: kí ó wà ní ìdúbúlẹ̀ tó wà, kí ó di ojú, kí ó mú ohun tó kẹ́yìn nínú àlá náà, kí ó máa fi í fa ti ìṣáájú rẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà kí ó kọ ọ̀rọ̀ 4 tàbí 5 sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú fóònù ti pàdánù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n apá iwájú orí náà lè jí díẹ̀ nígbà tí àlá ń lọ lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 1975, ní Yunifásítì Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alan Worsley fi ẹyinjú ránṣẹ́ síta láti inú àlá sí Keith Hearne tó jókòó ti ẹ̀rọ, ní ọ̀nà tí wọ́n ti jọ fẹnu kò sí. Àgbọ̀n rẹ̀ sì ń fi hàn pé iṣan ti rọ̀, REM ni. Lọ́dún 2021, àwọn olùwádìí láti Amẹ́ríkà, Faransé, Jámánì àti Netherlands lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n bi ẹni tó ń sùn ní 8 yọ 6, ó sì yí ojú lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè wọlé, ìdáhùn jáde, ẹni náà kò jí. Ní tèmi, kò sí ẹ̀rí tó lágbára jù èyí lọ fún àwọn apá kejì tí Oníbéèrè dárúkọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ: lọ́sàn-án, ka àkọlé kan, gbójú kúrò, tún un kà. Nínú àlá, ọ̀rọ̀ náà máa ń yí padà. Tàbí di imú kí o gbìyànjú àtimí. Lójú àlá, èémí á wọlé. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 5 oorun, kí èèyàn jí, kó jókòó díẹ̀, kó tún padà sùn pẹ̀lú ìpinnu kan lọ́kàn pé tí òun bá lálàá, òun á mọ̀. Mi ò gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru nímọ̀ràn kó ṣe é, tàbí ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ lọ́sàn-án. Gígé oorun sí wẹ́wẹ́ á mú wàhálà tiwọn pọ̀ sí i.

---

Oníwáyà_Oorun · 12:03 òru

Kí n fi èyí kún un. Obì àti kọfí ní caffeine nínú. Èròjà adenosine ló ń kóra jọ nínú ọpọlọ láti àárọ̀, òun ló ń mú oorun kùn wá. Caffeine ń jókòó sórí àga rẹ̀, kì í lé e lọ. Nǹkan bí wákàtí 5 ni ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò lára. Ẹni tó jẹ obì láago 6 ìrọ̀lẹ́, ìdajì ṣì wà lára rẹ̀ láago 11. Ọtí ní tiẹ̀ á tètè gbé èèyàn sùn, á pa REM mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òru. Tó bá wá fò lójú, REM á rọ́ dé ní ìdájí, àlá á le, oorun á sì máa já.

---

Àbíkẹ́_Ọlọ́rọ̀ · 12:09 òru

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìkan kù. Ọmọ tó ń dìde rìn lójú oorun, ṣé àlá ló ń lá? Wọ́n ní tí a bá jí i, ó lè kú.

---

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́ · 12:26 òru

Kò ní kú, mọ̀mí. Inú àsùnwọra ló ti ń dìde, ìdá kìíní nínú mẹ́ta òru lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe inú REM. Apá ọpọlọ tó ń gbé ẹsẹ̀ jí, èyí tó ń ronú àti èyí tó ń rántí ṣì ń sùn. Jíjí i tipátipá ló lè mú kó dàrú, kó bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Ẹ má mì í. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ darí rẹ̀ padà sí ibùsùn. Ẹ ti ilẹ̀kùn tó jáde síta, ẹ gbé ọ̀bẹ àti sítóòfù kúrò lójú ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kó sùn lókè bẹ́ẹ̀dì alájà méjì. Tó bá jẹ́ pé àkókò kan náà ló ń dìde lálaalẹ́, ẹ jí i pẹ̀lẹ́ ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 ṣáájú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ibà àti àìsùn tó máa ń dá a sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n bá ti ń bàlágà.

Àgbàlagbà tó ti lé ní 50 ọdún tó ń na ẹni tó sùn tì í, tó ń fò sílẹ̀ ní ìdájí, tó sì lè sọ àlá tó bá a mu, ìyẹn yàtọ̀. Iṣan rẹ̀ ni kò dákẹ́ nínú REM mọ́. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò, kó sùn lórí fóòmù nílẹ̀, kí ẹnìkejì sùn lọ́tọ̀ fúngbà díẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ bá oníṣègùn iṣan ọpọlọ, nítorí ó lè jẹ́ àmì tó ṣáájú àìsàn Parkinson pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọdún.

---

Ọmọ_Èkìtì · 12:31 òru

Bàbá kan ládùúgbò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Màá fi ọ̀rọ̀ yín han àwọn ọmọ wọn láàárọ̀.